Àwọn Tó Gbé Orin Kílásíkà Ró Nílùú Èkó, Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Kò Ṣí Sílẹ̀ Fún

Ẹ̀yin alàgbà wa, ẹ̀yin ọ̀gá akọrin, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ dùùrù, àti ẹ̀yin akọrin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ yín wá sí Yábàá lónìí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn kan ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò bí ó ṣe kan àwa ará Èkó. Àwọn kan ń sọ pé orin kílásíkà, ìyẹn orin tí àwọn bí Bach, Handel, Haydn àti Mozart kọ sílẹ̀, ti di orin àwọn olówó àti àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ, àti pé ìṣesí àwọn tó ń darí rẹ̀ ló ń lé àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn obìnrin àti àwọn mẹ̀kúnnù sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ń fèsì pé orin tó jinlẹ̀ kò lè jẹ́ ti tẹrú tọmọ, pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ojúlówó yóò sọnù. Ohun tí èmi gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀, ni pé orin náà fúnra rẹ̀ kò ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn rí. Àṣà tí àwọn ènìyàn kọ́ yí i ká ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé ní Èkó tiwa yìí, àwọn tí àṣà náà ń tì sẹ́yìn gan-an ni àwọn tó ti ń gbé orin náà ró láti ìran dé ìran.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ó ṣòro láti rí ẹgbẹ́ akọrin tó ti pẹ́ díẹ̀ ní Èkó tí kò tíì kọ "Hallelujah" inú Messiah, àkójọ orin ńlá tí Handel kọ, rí, ó sì ṣòro láti rí ìjọ tí àwọn ènìyàn kì í dìde dúró bí dùùrù bá ti mú un. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1742 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ Messiah yìí ní gbangba, nínú gbọ̀ngàn kan nílùú Dublin nílẹ̀ Ireland. Owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, wọ́n fi ran ilé ìtọ́jú aláìsàn méjì lọ́wọ́, wọ́n sì fi san gbèsè àwọn tí wọ́n tì mọ́ ẹ̀wọ̀n nítorí pé wọn kò rówó san; 142 ẹlẹ́wọ̀n ló tipa bẹ́ẹ̀ gba òmìnira. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn náà ni ti aṣọ. Kí ọjọ́ tó pé, àwọn tó ṣètò kéde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má ṣe wọ yẹ̀rì gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi òrùka ńlá tẹ́ nínú, wọ́n sì bẹ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n fi idà wọn sílé, kí àyè lè gba èrò sí i. Gbọ̀ngàn tí ó yẹ kó gba 600 ènìyàn gba nǹkan bí 700. Òfin aṣọ tí wọ́n ṣe fún orin yìí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde sáyé, torí kí ènìyàn lè wọlé ni wọ́n ṣe é. Òfin aṣọ tí a ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà àwọn ètò orin kan nílùú yìí lónìí, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó wà fún.

Bí a bá sì wo àwọn tó kọ àwọn orin wọ̀nyí, a ó rí i pé òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Bach jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ nílùú Leipzig láti ọdún 1723 títí ó fi kú ní 1750; ó ń kọ orin tí ọmọ ilé ìwé yóò kọ nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ó sì ń bá àwọn alága rẹ̀ fa wàhálà owó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá akọrin tó jókòó síbí ṣe mọ̀ ọ́n. Haydn, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìdílé ọlọ́lá Esterházy láti 1761, aṣọ ìránṣẹ́ ló ń wọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1778, Mozart kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ láti ìlú Paris pé òun ti fi ibì kan sáàárín apá kìíní orin òun tí òun mọ̀ pé yóò dùn mọ́ àwọn olùgbọ́, àti pé bí orin ṣe dé ibẹ̀ ni wọ́n pàtẹ́wọ́, láì dúró kí ó parí. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lọ jẹ áísìkirimù lẹ́yìn ètò náà. Dídákẹ́ rọ́rọ́, jíjókòó sínú òkùnkùn, àti òfin pé ènìyàn kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ títí gbogbo apá orin yóò fi parí, àṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Mozart ni wọ́n. N kò sọ pé kò sí àǹfààní nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí orin kan wà tí ariwo kékeré lè bà jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àṣà ni, a kò sì gbọdọ̀ fi àṣà wọn ọgbọ́n orí ẹnikẹ́ni.

Ní ìgbà kan, mo lọ síbi ètò orin kan nínú gbọ̀ngàn kan ní Erékùṣù Èkó tí n kò ní dárúkọ. Obìnrin kan jókòó sí ìlà iwájú mi, tí ó ti sọ fún mi kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ pé álítò, ìyẹn ohùn obìnrin tó rẹlẹ̀, ni òun ń kọ nínú ìjọ òun ní Múṣin. Ó wọ ìró àti bùbá àǹkárá, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, àti pé ní gbogbo ìgbà tí ohùn àárín bá ti gbéra nínú orin náà, ìka rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò lórí báàgì ọ̀hún, ó ń tọ ipa ohùn náà lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí apá kìíní parí, ó pàtẹ́wọ́, òun nìkan ṣoṣo. Ọkùnrin kan yíjú padà, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ jókòó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn. Láti ìgbà náà títí ètò fi parí, ọwọ́ obìnrin náà kò kúrò lábẹ́ báàgì mọ́, kódà nígbà tí gbogbo ilé dìde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó dá mi lójú pé nínú gbogbo wa tí a wà níbẹ̀, ìwọ̀nba ló gbọ́ orin náà tó bí ó ṣe gbọ́ ọ, ó sì ṣeé ṣe kó má padà wá síbẹ̀ mọ́ láéláé. Irú àdánù yìí ni a kì í kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ orin kankan.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ní ìdáhùn kúkúrú sí gbogbo èyí: wọ́n ní orin Òyìnbó ni, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀ fún Òyìnbó. Mo mọ ìbínú tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Ní ọdún 1873, ẹgbẹ́ orin kílásíkà kan tí wọ́n ń pè ní Philharmonic ti wà ní Èkó, tí àwọn ọmọ Sàró àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń kọrin, tí wọ́n sì ń tẹ dùùrù níwájú èrò. Òótọ́ ni pé àwọn ẹni bọ̀rọ̀kìnní ni wọ́n, òótọ́ sì ni pé àwọn ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ nígbà náà kò fẹ́ gbọ́ ìró dùndún nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Èkó kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí ìjọ United Native African bẹ̀rẹ̀ ní 1891, tí African Church náà sì jáde ní 1901, ọ̀rọ̀ pé kí orin ìsìn jẹ́ èyí tó bá ohùn Yorùbá mu wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ń fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìjọ, ó sì gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ndọ̀n ní 1922. Ní Marínà, Thomas Ekundayo Phillips, tó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ndọ̀n, jẹ́ ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ láti 1914 títí di 1962. Ọkùnrin yìí ló fi sùúrù wádìí bí orin ìjọ ṣe lè tẹ̀ lé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè wa, nítorí ó mọ̀ pé bí a bá fi ipá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò wọ́.

Lábẹ́ ọwọ́ Phillips ni Fela Sowande ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Sowande yìí ni wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, tó fi African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn lélẹ̀ ní 1944, tó sì ń fi àwọn ohùn orin ìjọ Yorùbá kọ orin fún dùùrù ńlá onífèrè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ayo Bankole àti Akin Euba, tí wọ́n bí àwọn méjèèjì ní 1935. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí a fi orin yìí sílẹ̀ fún Òyìnbó, mo fẹ́ kí ó sọ fún mi ibi tí yóò kó àwọn wọ̀nyí sí. Ó sì yẹ kí a bi àwọn tó ń ṣètò àṣálẹ́ orin léèrè pẹ̀lú, ìdí rẹ̀ tí a fi lè gbọ́ orin Mozart lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó gbọ́ ti Sowande lẹ́ẹ̀kan, nílùú tí Sowande ti kọ́ orin.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sol-fa, ìyẹn ìlànà fífi lẹ́tà bíi d, r, m kọ ohùn orin sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwa akọrin fúnra wa ti ń ṣe ohun tí a ń bẹnu àtẹ́ lù. Obìnrin olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sarah Glover, nílùú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ gbé ìlànà náà kalẹ̀. Àlùfáà John Curwen sì mú un, ó tún un ṣe, ó sì tàn án ká láti nǹkan bí ọdún 1840 síwájú. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé àwọn ọmọ ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi àti àwọn òṣìṣẹ́ kò lágbára láti ra dùùrù tàbí láti gba olùkọ́. Lẹ́tà àti àmì kóló lásán ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé èyíkéyìí lè tẹ̀ ẹ́, bírò náà sì lè kọ ọ́. Ìlànà tí wọ́n dìídì ṣe kí mẹ̀kúnnù lè wọlé sínú orin ńlá nìyí, òun sì ni ó gbé wọn wọlé ní Èkó. Ẹ lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ní Bárígà tàbí ní Agége lálẹ́. Ẹ ó rí ìwé fọ́tòkọ́pì tí etí rẹ̀ ti gbó, tí wọ́n ti fi bírò tún àwọn lẹ́tà tó parẹ́ kọ. Ẹ ó rí tẹ́nọ̀ tó jẹ́ pé páńẹ́lì bítà ni lọ́sàn-án, tó gbé ìwé náà sábẹ́ iná fóònù nítorí pé NEPA ti mú iná lọ, tó sì ń ka d, m, s, l lọ geere láìkọsẹ̀ nínú orin tí ohùn mẹ́rin ti ń lé ara wọn kiri.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìmọ̀ kékeré nìyẹn. Nínú sol-fa, doh, ìyẹn ohùn àkọ́kọ́, kò ní ibùjókòó kan pàtó. Ibi tí ìpìlẹ̀ orin bá wà ni doh wà, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n kà mọ àjọṣe tó wà láàárín ohùn kan àti òmíràn, ó sì ń gbọ́ orin nínú orí rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Nígbà tí orin bá ṣí kúrò lórí doh kan bọ́ sórí òmíràn, yóò fi orúkọ méjì pe ohùn kan ṣoṣo kí ó lè fi sọdá, bí ẹni fi afárá kọjá odò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ dùùrù dáadáa ló wà tí kò lè ṣe èyí láìfi ọwọ́ kan dùùrù. Síbẹ̀, láàárín àwa akọrin Èkó, "sol-fa ló ń kà" ti di èébú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń dán akọrin wò, tí wọ́n ti dá ẹni tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara padà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó tó kọ ohùn kan, nítorí pé kò mọ sítáàfù, ìyẹn àmì orin orí ìlà márùn-ún. Ẹni tó dá a padà náà, sol-fa ló fi bẹ̀rẹ̀.

Sol-fa ní ààlà, n kò ní fi pamọ́. Ẹni tó fẹ́ fi fayolíìnì ṣeré, ẹni tó fẹ́ darí ọkẹ́sítírà, tàbí ẹni tó fẹ́ kọ orin òde òní tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń yí lemọ́lemọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ sítáàfù. Ìdí gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ́ àwọn akọrin wa ní sítáàfù láti inú ohun tí wọ́n ti mọ̀. Bí doh bá wà lórí ìlà, mi àti soh náà yóò wà lórí ìlà méjì tó tẹ̀ lé e lókè. Bí doh bá wà ní àlàfo, mi àti soh yóò wà ní àlàfo. Akọrin tó ti ń ka sol-fa fún ọdún mẹ́wàá yóò rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yóò sì là. Ohun tó kù fún un kò ju kí ó mọ ibi tí doh wà, kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka gígùn ohùn. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ni a sọ ọ́ di awo.

Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀nà jíjìn, n kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí ẹ̀yin lẹ ń rù wọ́n. Ìdánwò orin ti àwọn ará Lọ́ndọ̀n tí àwọn ọmọ wa ń ṣe láti ìpele kìíní títí dé ìkẹjọ, bí pọ́n-ùn bá ti gbé owó lórí ni owó ìdánwò náà ń gbéra. Okùn fayolíìnì ń já, ọ̀rinrin Èkó ń tú àtè rẹ̀, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì pọ̀. Ètò orin ní Oníkàn lè parí lálẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ẹni tó ń lọ sí Ìkòròdú yóò sì fẹsẹ̀ rìn dé CMS tàbí Ọbalẹ́ńdé kí ó tó rí dáńfó, pẹ̀lú gbogbo ewu tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní mọ́tò kì í rò ó. A gbọ́dọ̀ yin ohun tó yẹ ká yìn: ẹgbẹ́ MUSON (Musical Society of Nigeria), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní 1989, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá ń san owó rẹ̀ sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù di olórin ojúlówó níbẹ̀. Ó fi hàn pé nígbà tí a bá mú owó kúrò lọ́nà, ẹ̀bùn wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó wá kù sórí ọ̀rọ̀ ojúlówó, èyí tí wọ́n máa ń fi pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní bí gbogbo ènìyàn bá wọlé, orin yóò bàjẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti dán an wò. Ọkẹ́sítírà Boston ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ta ìkélé láàárín ẹni tí wọ́n ń dán wò àti àwọn adájọ́ ní nǹkan bí 1952, kí etí nìkan lè dájọ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, àwọn mìíràn tún tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ìró bàtà má bàa fi hàn pé obìnrin ni ó ń bọ̀. Bí àwọn obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú àwọn ọkẹ́sítírà Amẹ́ríkà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè dìde sọ pé wọ́n ba orin jẹ́. Nínú ọkẹ́sítírà Philharmonic ti Berlin, ọdún 1982 ni wọ́n tó gba obìnrin àkọ́kọ́. Nínú ti Vienna, ọdún 1997 ni, ẹni tí wọ́n sì gbà, Anna Lelkes, ti ń ta háàpù pẹ̀lú wọn fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó kà á mọ́ ara wọn. Ohùn háàpù rẹ̀ kò yí padà ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Orúkọ rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Marian Anderson, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ̀ fún láti kọrin nínú Constitution Hall ní Washington ní 1939, tó wá kọrin ní gbangba níwájú ìrántí Lincoln lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún náà, tí nǹkan bí 75,000 ènìyàn sì wá gbọ́ ọ. Nígbà tí Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ọkẹ́sítírà Chineke! sílẹ̀ ní Lọ́ndọ̀n ní 2015 fún àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ń fojú fò dá, kò wá ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló pọ̀ nílẹ̀ tí a kò pè. Ìdúróṣinṣin nínú ìdánwò àti ìṣílẹ̀kùn kì í bá ara wọn jà. Ohun tó ń ba ojúlówó jẹ́ ni kí á máa fi mọ́tò, ohùn Gẹ̀ẹ́sì àti aṣọ ẹni yan akọrin.

Fún ìdí èyí, mo ń bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní àṣẹ lórí ètò orin nílùú yìí. Ètò tí ẹ bá ṣe ní Erékùṣù lálẹ́, ẹ tún un ṣe ní Mainland lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn ilé ìwé, kí ẹni tó wá láti Agége lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ tẹ ìwé ètò náà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ iye apá tí orin ní sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ara ọwọ́ rẹ̀ kó sínú ìtìjú. Ẹ fi orin Phillips, ti Sowande àti ti Bankole sínú ètò gẹ́gẹ́ bí orin tó ní ìwúwo tirẹ̀, kí ẹ má fi wọ́n ṣe ìparí ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí akọrin tó wá fún ìdánwò ka sol-fa tàbí sítáàfù, èyí tó bá mọ̀, lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Ní ti ẹ̀kọ́ sítáàfù tí mo sọ, a kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ. Àwọn ọ̀gá akọrin tó bá mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì lè yọ̀ǹda ọ̀sán Àbámẹ́ta, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi orúkọ àti àdúgbò wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kí wọ́n tó kúrò níbí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó mú ìwé sol-fa tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò lọ́wọ́ dání, nítorí láti inú rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Owó kankan kò sí níbẹ̀.